Ọkùnrin Tí Kì Í Dúpẹ́ Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Ọkùnrin kan wà ní Ìlọrin tí kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn ní ọ̀sán. Bí o bá fún un lómi, yóò mu ún, yóò dá igbá padà, yóò sì nu ẹnu. Bí o bá bá a ti ọkọ̀ rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀, yóò gun orí ìjókòó rẹ̀, yóò sì lọ. Kì í ṣe odi. Ohun tó dì í lẹ́nu wà lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, nínú awọ ewúrẹ́ dúdú kan. Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, fara balẹ̀ kà á. Ó lè jẹ́ pé irú rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó tìrẹ náà.

Gbénró ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ṣùgbọ́n Ìlọrin ló ń gbé, nítòsí Ọ̀fà Gárèèjì, níbi tí àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí ìhà gúúsù ti ń kó èrò. Bọ̀lẹ̀kájà kan ló ń wà, tirẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ KÒ SÉWU gàdàgbà sí iwájú orí ọkọ̀ náà. Ohun tí wọ́n bá kọ sí orí ọkọ̀ ẹni ni àwọn awakọ̀ fi ń peni, nítorí náà Kò Séwu ni gbogbo gárèèjì ń pè é.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni ọkùnrin náà ń bá sùn, ẹ̀rù ló sì ń bá jí.

Nígbà tí wọ́n sọ Ìlọrin di olú-ìlú ìpínlẹ̀, ọkọ̀ pọ̀ lójú títì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń dé láti ibi gbogbo, ilé ń yọ níbi tí igbó wà tẹ́lẹ̀, olúkúlùkù ń sáré. Ikú náà ń sáré. Gbénró a máa rí àwọn ọkọ̀ tó ti fọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, a máa rí bàtà ọmọdé nínú koríko. Nígbà tó yá, kò lè jẹun kó dùn mọ́. Ló bá lọ bá oníṣègùn kan ní abúlé kan lẹ́yìn odò Ọ̀yun, ẹni náà sì ṣe egbé fún un.

Egbé ni oògùn tí àwọn awakọ̀ ìgbà náà gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n ní bí jàm̀bá bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, egbé yóò gbé ẹni tó ni ín kúrò nínú ọkọ̀, yóò sì gbé e kalẹ̀ síbi tí ewu kò sí. Ti àwọn èrò tó wà lẹ́yìn ńkọ́? Egbé kò mọ̀ wọ́n. Gbénró kò bèèrè bẹ́ẹ̀.

Oníṣègùn náà rán oògùn yìí sínú awọ, ó ní kí Gbénró so ó mọ́ abẹ́ ìjókòó rẹ̀, ó sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí yóò ké bí ewu bá dé. Lẹ́yìn tó ti gba owó rẹ̀ tán ló tó sọ èèwọ̀ rẹ̀.

"O kò gbọdọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bá dúpẹ́ ti gbà pé ẹlòmíràn ló ń gba òun. Egbé kò fẹ́ orogún."

"Bí mo bá wá gbàgbé ńkọ́, bàbá?"

Oníṣègùn náà wò ó títí. "Àlàbí gbàgbé," ó ní.

Gbénró mọ Àlàbí. Awakọ̀ bíi tirẹ̀ ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ti dojú dé sínú odò, omi sì ti gbé e lọ. Gbénró so awọ náà mọ́ abẹ́ ìjókòó, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń ṣa ọpẹ́ ọ̀sán jọ di alẹ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀, yóò wá Juliana ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìdí ààrò, yóò ní, "O ṣé oúnjẹ àárọ̀." Ó ń pa á lẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ènìyàn bá sé ní ọ̀sán kì í fẹ́ ṣí mọ́ ní alẹ́. Kò pẹ́ tí kò fi sí ọpẹ́ ọ̀sán, tí kò sí ti alẹ́.

Ìwọ náà mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, bí wọ́n bá béèrè pé ṣé àlàáfíà la jí, ọpẹ́ lèsì. Gbénró kò lè sọ ọ́. "A jí," ni yóò wí, yóò sì kọjá. Ìlọrin sì nìyí, ìlú tí ọpẹ́ kì í wọ́n lẹ́nu ará ibẹ̀, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́. Safiyat, ọmọ Gàmbàrí tó ń ta wàrà lẹ́nu gárèèjì, kò yéé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láràárọ̀ ló ń bù èènì lé wàrà Gbénró.

"Kò Séwu, mo fi èènì sí i fún ọ o!"

"Hùn."

"Hùn kẹ̀? Ẹnu yìí, ṣé wíwọlé nìkan ni nǹkan máa ń wọlé níbẹ̀ ni, kì í jáde?"

Àwọn awakọ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Gbénró náà yóò ṣe bí ẹni rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òógùn yóò ti bò ó níwájú orí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sán ni Juliana bí ọmọ wọn obìnrin. Agbẹ̀bí gbé ọmọ náà jáde nínú aṣọ funfun, ó ní, "Bàbá ọmọ, ẹ bá wa dúpẹ́." Oòrùn wà ní àárín orí. Gbénró wo ọmọ náà, ló bá kọjú sí ògiri. Juliana rí i láti orí ẹní. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, yóò gbé e kalẹ̀ bí ènìyàn ti ń gbé e fún àjèjì, yóò sì yí padà lọ. Òun a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí tirẹ̀ nínú yàrá, lórí ẹ̀kọ lásán, lórí omi tó mọ́. Gbénró a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta. A máa bí i nínú. Kò mọ ìdí rẹ̀ tó fi ń bí i nínú.

Ọdún 1972 wọlé, ìjọba ní ohun kan yóò yí padà. Láti ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ọdún náà, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà yóò kúrò ní ọwọ́ òsì títì, yóò máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Rédíò ń pariwo rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọkàn àwọn èèyàn kò balẹ̀. Àwọn àgbà ń sọ pé ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ní ṣú kí ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn.

Awakọ̀ kan wà ní gárèèjì tó ń jẹ́ Adékọ̀yà, ará Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ ní Ìlọrin. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, iṣu ló ń kó. Ó dàgbà ju Gbénró lọ, òun ló sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọkọ̀. Ọ̀mùtí ni Adékọ̀yà nígbà kan. Ó pàdé Jésù, ó sì fi ọtí sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ nínú gárèèjì. Nígbà tí ọjọ́ ń súnmọ́, Adékọ̀yà to òkúta sí pápá tó wà lẹ́yìn gárèèjì, ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ yí wọn ká lọ́wọ́ ọ̀tún, lọ, bọ̀, bí ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn. Wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Kò dá a dúró.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, Gbénró ń kó àwọn ará Ọ̀mù-Àrán tó fẹ́ lọ ṣe ọdún nílé. Adékọ̀yà wá bá a níbi ọkọ̀ rẹ̀.

"Gbénró, ọ̀la ni o. Wá bá mi yí òkúta yìí ká lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Nǹkan tó wà lábẹ́ mi kò mọ òsì, kò mọ ọ̀tún."

"Òun lè má mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ mọ òsì dáadáa. Ọwọ́ rẹ ni mò ń bẹ̀rù."

Àwọn èrò tó ti jókòó sínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Adékọ̀yà kò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìgbà wo lo dúpẹ́ kẹ́yìn?"

Gbénró yára wo ẹ̀yìn. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ kò gbọ́ ti Àlàbí ni?"

"Ti Àlàbí wo? Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ògógóró ló mu yó. Ọmọ kan bu omi fún un kí ojú rẹ̀ lè dá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó wọ ọkọ̀, ó wà á wọ odò. Ọtí ló pa Àlàbí. Wọ́n wá gbé ẹ̀bi rẹ̀ ka ọpẹ́ lórí."

Gbénró tẹ orí ba, ó ń wo abẹ́ ìjókòó rẹ̀.

"Àbúrò mi, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́ bí mo ti jẹ́. Jésù Kristi ti gba ikú rẹ kú. O kò lè wà lábẹ́ Rẹ̀ kí o tún jókòó lé awọ ewúrẹ́. Tú nǹkan yìí sọnù lónìí, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń dá ẹ̀mí rẹ sí."

"Ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀ ná, ẹ̀gbọ́n."

Adékọ̀yà gbójú sókè wo ọ̀run, ó tún wo ojú rẹ̀. "Oòrùn ta ni o ń retí pé kó wọ̀?"

Gbénró ṣáná sí ọkọ̀, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ Àjíǹde, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún ní Ọ̀mù-Àrán. Gbénró kò jáde. Ó jókòó sí ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí orúnkún. Ó ní, "Ọ̀tún." Ó tún un wí. Ọwọ́ kò ní etí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ tó ń padà sí Ìlọrin. Bọ̀lẹ̀kájà náà kún. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ìkùukùu ṣì wà lórí ilẹ̀. Gbénró gba ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó dà bí ẹni pé ó wọ bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì. Ó rọra ń lọ, ó ń làágùn, ó ń di àgbá ìtọ́kọ̀ mú bí ẹni di okùn mú nínú kànga.

Ní ibì kan ṣáájú Ajàsẹ́, ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná bọ́ sójú ọ̀nà lójijì. Gbénró yà fún un. Ìyá náà kọjá láyọ̀. Ọkọ̀ ń lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa. Ara Gbénró balẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, èjìká rẹ̀ rọ̀. Ọ̀nà dà bí ọ̀nà tó mọ̀, igi ń kọjá níbi tí igi ti máa ń kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, àṣé kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó tẹ iná mọ́ ọkọ̀.

Kò mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni òun wà. Nígbà tó yà fún ìyá arúgbó, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé e padà sí ibi tó mọ́ ọn lára, ó sì dúró síbẹ̀. Àlàáfíà tó ní, àlàáfíà ẹni tó ń lọ bá ikú ni. Èrò kan kígbe láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni.

Ní kọ́nà, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ níwájú. Ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà tirẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún, bí òfin ti wí. Iwájú Gbénró gan-an ló wà.

Gbénró ké ọ̀rọ̀ tí oníṣègùn kọ́ ọ. Ó ké e pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Kò sí ohun tó gbé e. Orí ìjókòó ló wà, ọwọ́ rẹ̀ dì mọ́ àgbá ìtọ́kọ̀, awọ ewúrẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ bí òkúta. Ó rí ojú awakọ̀ kejì. Adékọ̀yà ni. Adékọ̀yà náà rí KÒ SÉWU tó ń bọ̀.

Àyè kò sí fún àwọn méjèèjì. Adékọ̀yà yí ọkọ̀ tirẹ̀ kúrò lójú títì, ó dà á sínú gọ́tà jíjìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ náà sì fi gbogbo ara lọ gbá igi òrí kan. Gbénró kọjá. Kò sí ohun tó kàn án. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ti dúró, ọmọ ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn, ó sì gbọ́ pé gbogbo èrò òun wà láàyè.

Wọ́n yọ Adékọ̀yà jáde. Àgbá ìtọ́kọ̀ ti tẹ àyà rẹ̀ wọlé. Wọ́n gbé e sí ìjókòó iwájú nínú ọkọ̀ Gbénró, nítorí kò sí ọkọ̀ mìíràn, ìyá kan sì dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbénró ní òun kò lè wà á.

"Wà á," Adékọ̀yà wí. "Ọ̀tún ni. Màá máa sọ ọ́ fún ọ."

Ó sì ń sọ ọ́ láti ibẹ̀ títí dé Ìlọrin. Bí ọkọ̀ bá ti ń fà lọ sí òsì, yóò la ojú, yóò ní, "Ọ̀tún, Gbénró." Nígbà tí wọ́n kọjá Ìdófìán, ohùn rẹ̀ ti dín. "Ọ̀tún, àbúrò mi." Gbénró ń sunkún, ó sì ń wakọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wà lójú ọ̀nà yín. Kí ló dé tí ẹ fi yà?"

"Ìwọ ni ikú náà ń bọ̀ wá bá." Ó mí díẹ̀. "Ó ti wá bá èmi náà rí. Jésù ló yà á fún mi. Má jẹ́ kí n fi ara mi ṣòfò, Gbénró."

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Gbénró. *Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.* Ohun tó yẹ kí ó sọ kò ju ìyẹn lọ, ọmọdé mọ̀ ọ́n sọ. Ó wo ojú ọ̀run. Oòrùn ń gòkè. Ó rántí Àlàbí nínú omi. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Dókítà ní ilé ìwòsàn wò ó, ó sì mi orí. Gbénró jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ fèrèsé yàrá tí wọ́n tẹ́ Adékọ̀yà sí. Ó pinnu pé bí oòrùn bá ti wọ̀, òun yóò wọlé lọ dọ̀bálẹ̀, òun yóò dúpẹ́ gbogbo ọpẹ́ tí òun ti jẹ láti ọjọ́ tí òun ti so awọ náà. Òjìji bẹ́ǹṣì gùn díẹ̀. Ó ń wò ó. Kò sí ohun tó lọ́ra lọ́jọ́ náà tó oòrùn. Lẹ́ẹ̀mejì ló dìde, lẹ́ẹ̀mejì ló padà jókòó. Bọ́sẹ̀dé, ìyàwó Adékọ̀yà, gba ibẹ̀ kọjá, ó ní, "Gbénró, ó ń béèrè rẹ. Wọlé wá." Gbénró ní, "Mò ń bọ̀."

Oòrùn ti kan orí igi, ó ku díẹ̀ kó wọ̀, nígbà tí Bọ́sẹ̀dé figbe ta.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tán, Gbénró wọ yàrá náà. Wọ́n ti gbé òkú lọ. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń ká. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," ó wí. Kò sí èèwọ̀ mọ́ lórí rẹ̀, oògùn ti fún un láyè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ọkùnrin tó ń ká aṣọ ní, "Bàbá, ẹ dìde, a fẹ́ fọ ilẹ̀."

Gbénró kò sùn. Ó rí ayé rẹ̀ bó ti rí. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é lóore, kò sì sí ẹni tó ti san án fún. Àwọn àgbà ní, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó rí i pé olè ni òun. Òun ti ja Juliana lólè, òun ti ja ọmọ tó jáde nínú aṣọ funfun lólè. Òun ti ja Ọlọ́run lólè láràárọ̀ tí òun jí. Ó sì rí ohun mìíràn tó bà á lẹ́rù jù: ká ní òun ló kú lójú ọ̀nà náà ni, ibo ni òun ìbá wà báyìí?

Ilẹ̀ mọ́. Oòrùn yọ. Gbénró mú ọ̀bẹ lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó gé awọ náà kúrò lábẹ́ ìjókòó, ó sì là á. Eérú ló wà níbẹ̀, àti ìyẹ́ ẹyẹ, àti àkísà. Kò sí nǹkan mìíràn. Ohun tó tìtorí rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ó dà á sínú ṣáláńgá.

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọkọ̀, nínú ẹrẹ̀, níbi tí gbogbo gárèèjì ti ń wò ó. Kò mọ àdúrà gígùn. "Jésù," ó wí, "ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Ìwọ lo kú ikú mi. Mi ò tètè mọ̀. Dárí jì mí, gbà mí. Mo dúpẹ́." Ó ń dúró de ikú. Ohun tó gbọ́ ni ohùn Safiyat, tó ń kiri wàrà bọ̀.

Nínú àṣà wa, bí ẹnìkan bá ṣe ọ́ lóore lánàá, o óò jí lọ dúpẹ́ àná lọ́wọ́ rẹ̀. Gbénró kọjá sí ilé Adékọ̀yà. Àwọn tó wá kí Bọ́sẹ̀dé kú ìṣẹ̀lẹ̀ kún ilé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Olúṣọlá, èmi ni mo gba ọwọ́ òsì. Ọkọ yín kò ṣẹ̀. Ikú mi ló kú. Mo wá dúpẹ́ àná."

Ọkùnrin kan dìde bí ẹni fẹ́ gbá a. Bọ́sẹ̀dé na ọwọ́ sí i kó jókòó. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Ó wo Gbénró títí.

"Ó béèrè rẹ lánàá. O ní ò ń bọ̀."

"Mo ní mò ń bọ̀, mà. Mi ò wá."

"Oòrùn kò tíì wọ̀, Gbénró. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé Bọ́sẹ̀dé yóò lé e jáde. Ó ní kí wọ́n bu omi fún un. Gbénró mu omi náà. Ó dá igbá padà. "Ẹ ṣé, mà," ó wí.

Ọ̀sán gangan ló délé. Juliana gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ kalẹ̀ bó ti máa ń gbé e kalẹ̀, ó sì yí padà.

"Juliana, o ṣé."

Ó dúró gbọin, kò yíjú. "Kí lo wí?"

"O ṣé. Oúnjẹ. Àti ọmọ. O ṣé ọmọ tí o bí fún mi."

Juliana jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó fi ìró bo ojú. Ọmọ náà rákòrò lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀kọ. Gbénró wò ó ní ọ̀sán, ojú kojú. Ó rí i pé ọmọ náà ní àmì dúdú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Oòrùn wọ̀ lọ́jọ́ náà bó ti máa ń wọ̀. Gbénró kò kú.

Ó padà sídìí ọkọ̀, nítorí iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn. Mi ò ní sọ fún ọ pé ẹ̀rù kò bà á mọ́. Bó bá dé kọ́nà tó wà ṣáájú Ajàsẹ́, àyà rẹ̀ a máa já, yóò sì gbọ́ ohùn kan tó ń wí pé, "Ọ̀tún, àbúrò mi." Ó di ẹni tó ń bá ìyàwó àti ọmọ Adékọ̀yà gbé ẹrù wọn. Ó pa KÒ SÉWU rẹ́ lórí ọkọ̀. Àwọn ayàwòrán ń bi í pé kí ni kí àwọn kọ sí i, ó ní kí wọ́n fi pákó náà sílẹ̀ lásán, ohun tí òun fẹ́ sọ, òun yóò fi ẹnu sọ ọ́. Ìlọrin ń yí padà lójú rẹ̀, owó yí padà di náírà, ilé tuntun kún Adéwọlé, àwọn tó mọ̀ ń lọ. Ó ń dúpẹ́ lórí omi. Ó ń dúpẹ́ lórí táyà tí kò fọ́, àti lórí èyí tó fọ́ tí kò pa ènìyàn. Bí Safiyat bá bu èènì fún un, yóò ní, "O ṣé, ọmọ Gàmbàrí," Safiyat yóò sì fi ọwọ́ bo etí, yóò ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọkùnrin tí kò lè jẹun kó dùn ń sùn báyìí bí ọmọ ọwọ́.

Ìwọ ńkọ́?

Bóyá o kò ní awọ ewúrẹ́. Bóyá iṣẹ́ rẹ ni o jókòó lé, tàbí ìgò ọtí, tàbí agbára apá rẹ, tàbí pé o máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. O ń lọ lọ́wọ́ òsì, ara rẹ balẹ̀, ò ń súfèé. Ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ kò fi hàn pé ọ̀nà rẹ tọ́. Ara Gbénró kò balẹ̀ rí bí ìgbà tó ń lọ bá ikú.

Ẹnìkan ti yà fún ọ. Ọ̀sán gangan ni wọ́n kan Jésù mọ́ igi, lójú gbogbo ènìyàn, fún ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ. Ó ń béèrè rẹ. Má ṣe sọ pé, "Mò ń bọ̀." Adékọ̀yà gbọ́ "mò ń bọ̀," ó sì kú kó tó rí ẹni tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Jésù jí dìde. Bí o bá pè É báyìí, Ó ń gbọ́. Ìwọ ni ẹni tó lè má sí mọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn tí mo lè fi parí rẹ̀. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Un. Sọ ohun tí o jókòó lé nù. Gbà Á ní Olúwa rẹ, kí o sì dúpẹ́. Lẹ́yìn náà dìde, lọ bá ẹni tó se oúnjẹ tí o jẹ lónìí, kí o wí fún un pé, "O ṣé."

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Oòrùn rẹ kò tíì wọ̀.